Ọjọ́ Tí Ọ̀run Ya Lé Olóyè Ajéígbé Lórí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan? Ẹ jókòó dáadáa. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé irọ́ ni mo ń pa. Ṣùgbọ́n kì í dìde títí n ó fi parí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Gbóyèga. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ni ó fẹ́ràn. Ó fẹ́ fẹ́ Ìbídùn, ọmọ Olóyè Ajéígbé. Olóyè kò gbà.

"Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lókè," ni ó wí, "kòtò ni yóò mú ìyàwó rẹ̀ já sí."

Ìbídùn bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, Olóyè ní òun yóò bá wọn dé ibi àfihàn ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ìràwọ̀. Bí ohun tí òun bá rí níbẹ̀ bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí Gbóyèga má tún yọjú mọ́.

Ọjọ́ náà dára. Wọ́n to awò gígùn tí ń fa ohun òkè súnmọ́ ojú sórí pápá, àwọn èèyàn ń fi awò dúdú wo oòrùn, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Olóyè náà wo oòrùn.

"Èyí tí ó wà lórí oko mi tóbi ju báyìí lọ."

"Òótọ́ ni, Bàbá," ni Gbóyèga wí.

Àgọ́ kan ni Gbóyèga gbẹ́kẹ̀ lé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi aṣọ dúdú rán an. Kò ní òpó kankan. Fáànù ńlá kan wà níta tí ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé gba inú ihò kan, àgọ́ a sì wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, iná kékeré kan a máa tan ìràwọ̀ sí gbogbo òrùlé.

Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Ńṣe ni àwọn èèyàn ń rákò wọlé. Olóyè dúró.

"Èmi? Kí n rákò wọ ilé ẹni tí ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi?"

Gbóyèga yára ṣí síìpù títí dé òkè. Olóyè wọlé ní ìdúró. Atẹ́gùn díẹ̀ jáde, ọ̀run lọ sílẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó kíyè sí i.

Wọ́n fi Olóyè síbi tí ó tura jù, níwájú ihò atẹ́gùn. Gbóyèga ń ṣàlàyé ìràwọ̀ tí òrùka yí ká nígbà tí òtútù wọ orúnkún Olóyè. Ó kẹ̀yìn sí ihò náà. Òtútù wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi apá agbádá dí i. Kò tó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó rọ́ ọ bọ inú ihò, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ara rẹ̀ wá lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ó dára o," ni ó wí. "Àwọn ìràwọ̀ yìí tilẹ̀ ń sún mọ́ wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!" Inú Gbóyèga dùn. Kò tíì wòkè.

Ìràwọ̀ kan fara kan gèlè obìnrin onígúgúrú, tí òun náà ti wọlé wá wòran.

"Ẹ gbà mí! Ọ̀run ń ya bọ̀!"

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Orí gbá òrùlé, òrùlé bo orí. Olóyè tí kì í rákò ni ó kọ́kọ́ rákò jáde.

Alága ẹgbẹ́ sáré dé. "Gbóyèga! Ṣé irú aṣọ jákujàku yìí ni wọ́n ń kó èèyàn sí? Kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ!"

Ìbídùn ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Bàbá ń gbọn eruku agbádá rẹ̀.

Gbóyèga bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ihò atẹ́gùn, ó sì fa fìlà kan jáde. Ó wo fìlà. Ó wo orí Olóyè tí ń dán nínú oòrùn. Ó rọra ti fìlà bọ àpò.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Olóyè rí i. Ó wúkọ́.

"Alága, ẹ fi àna mi sílẹ̀!"

Kí ó tó pa ẹnu dé, Ìbídùn ti kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá!"

"Ṣé òun nìkan ni ọ̀run ya lé lórí ni?" ni Olóyè wí. "Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan."

"Òótọ́ ni, Olóyè," ni alága dáhùn. "Fìlà yín ńkọ́?"

"Ó kù sí ọ̀run."

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá rí àgbà tí kò dé fìlà, tí nǹkan sì bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan.