Orí Kan Ṣoṣo Tó Wà Lórí Àga

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ Díákónì lọ́rùn, ó tan kílípà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dígí tó wà níwájú wọn ń fi orí Díákónì hàn, ṣùgbọ́n ó tún ń fi títì tó wà lẹ́yìn wọn hàn, àti ṣọ́ọ̀bù tuntun tí onígbàjámọ̀ mìíràn ṣí sí òdìkejì. Ibẹ̀ lojú onígbàjámọ̀ wà. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun máa wò ó, ó sì ń wò ó.

"Mẹ́rin," ó ní.

"Mẹ́rin kí ni?" Díákónì bi í. "Ewú?"

"Rárá, sà. Orí."

"Ẹyọ kan ni mo gbé wá o."

"Kì í ṣe tiyín, sà. Ti ọ̀hún ni mò ń kà. Láti àárọ̀, orí mẹ́rin ló ti wọlé tọ̀ ọ́. Tiyín nìkan ló wọlé tọ̀ mí."

"Èwo wá ni tìẹ nínú orí olórí? Gẹ irun, jàre. Ọ̀la ni mò ń fa ọmọ mi lé ọkọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba, má fá a."

"Mo gbọ́, sà. Àga ti ọ̀hún ń yí, Díákónì. Tèmi yìí, ẹni tó bá fẹ́ yíjú, àfi kó dìde."

"O ò gbàdúrà sí i ni?"

"Láràárọ̀. Mo ní, Olúwa, bí o ti ṣe fún un ni kí o ṣe fún mi. Àga mẹ́fà, ẹ̀rọ amúlétutù, pátákó pupa lẹ́nu ọ̀nà, dígí yí ògiri ká..."

"Ta ló sọ fún ọ pé dígí yí ògiri ká?"

"Mo lọ yọjú, sà."

"Háà."

"Tí iná bá lọ, tiẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tí tiẹ̀ náà bá ti lọ, ọkàn mi á balẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe àdúrà. Ẹrù ẹlẹ́rù lò ń kà sí Ọlọ́run létí. Ṣé o rántí Pétérù? Jésù ń bá a sọ̀rọ̀ ayé tiẹ̀, Pétérù bojú wẹ̀yìn, ó rí ọmọ ẹ̀yìn mìíràn, ó ní eléyìí ńkọ́? Jésù ní kí ló kàn án, kó máa tọ òun lẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ onígbàjámọ̀ lára. Ó mi orí, ó ń wá èsì tó dáa. Àfi bí ọkọ̀ kan ṣe dúró lódìkejì.

"Ó ti di márùn-ún!"

Kílípà dún bákan. Nígbà tó máa wo iwájú, ọ̀nà kan ti là lórí Díákónì láti etí dé àtàrí, ó mọ́ tónítóní bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Díákónì wo dígí títí.

"Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí," ó ní níkẹyìn. "Èmi olórí jókòó síbí. Ìwọ afárí lo sọdá títì."

Ojú ti onígbàjámọ̀. Ó mú táwẹ̀lì, ó fi bo dígí, ó sì di ojú.

"Olúwa, orí kan lo fún mi lónìí, mo ti fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò. Mi ò bèèrè àga mẹ́fà mọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí orí yìí gbà là."

"Àmín," Díákónì ní. "Àmín kíkankíkan."

Onígbàjámọ̀ bá fá gbogbo rẹ̀. Ó rọra fá ẹ̀yìn etí, ó rọra fá ìpàkọ́. Láti oṣù mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ti ṣí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò mọ iye èèyàn tó wà lódìkejì, ara sì tù ú. Nígbà tó ṣí dígí, orí náà ń dán, kò sí ibi tí kò dọ́gba.

Díákónì fọwọ́ pa á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Kò burú," ó ní. Ó tún wò ó. "Bàbá ọkọ ìyàwó ńkọ́? Ṣé irun ṣì wà lórí tiẹ̀?"

Onígbàjámọ̀ tú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó gbọn irun dànù.

"Díákónì Pétérù," ó ní, "kí ló kàn yín?"