Rárá Tí Mùjídátù Sọ Jẹ́jẹ́

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ àwa Yorùbá ní àdúgbò Nombakélé lánàá, Libreville ò rí irú ẹ̀ rí. Òmìnira Gabon kò tíì pé ọdún méjì. Buraimoh télọ̀ ló pe ẹjọ́. Ó pe olùkọ́ kan lẹ́jọ́, tí wọ́n ń pè ní Mùsíọ̀ Clément, Nàgó ará Kétu, tó ń kọ́ Mùjídátù ọmọ Buraimoh, ọmọ ogún ọdún, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.

"Baálẹ̀, ọkùnrin yìí ti ba ọmọ mi jẹ́! Ọmọ náà ń bá mi jiyàn jẹ́jẹ́!"

"Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Kí ló wá dùn ẹ́?"

"Jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni! Ká ló pariwo ni, ǹ bá pariwo lé e lórí. Mo ní kó fi ilé ìwé sílẹ̀, kó fẹ́ Àlíù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Bàbá, ẹ ní kí n fẹ́ Àlíù torí ó ní ṣọ́ọ̀bù méjì. Ṣé mo gbọ́ yín dáadáa?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, 'Ẹ ṣé, sà. Mi ò gbà.' Báwo ni mo ṣe máa pariwo lé ẹni tó ń dúpẹ́ lórí?"

Baálẹ̀ kọjú sí olùkọ́. "Ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Èmi ni, sà. Bẹ́ǹṣì ló fà á."

"Bẹ́ǹṣì báwo?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jiyàn lórí ìbò, wọ́n fi bẹ́ǹṣì la ara wọn, bẹ́ǹṣì mẹ́fà ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ló máa kọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tuntun! Mo wá ṣòfin: kó o tó ta ko ẹnì kan, kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ títí òun fúnra ẹ̀ á fi ní bẹ́ẹ̀ ni."

Sìkírátù, ìyá ọmọ, jẹ́rìí. "Kò kúnlẹ̀ o. Ọbẹ̀ ló ń rò."

"Irọ́! Ó kúnlẹ̀!" ni Buraimoh ké.

"Ta ló wá se ọbẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ?" ni Sìkírátù bi í.

Àlíù dìde. "Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó kọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn débi pé mo dúpẹ́, mo ra búrẹ́dì fún un. Mo ti dé àdúgbò Oloumi kó tó yé mi."

Ìjòyè kan rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀.

"Buraimoh," ni Baálẹ̀ wí, "sọ fún wa ohun tí ọmọ ẹ ń sọ."

"Ó ní òun ò ka bàbá òun sí."

"Rárá, Bàbá," ni Mùjídátù dáhùn.

"Ó ní Àlíù burẹ́wà."

"Rárá, Bàbá."

Àlíù mí kanlẹ̀. Òógùn bo Buraimoh, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó ní òun fẹ́ di olùkọ́. Òun fẹ́ yan ọkọ fúnra òun. Kì í ṣe pé òun ò fẹ́ràn mi."

Omi lé sójú ọmọ náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Baálẹ̀ dájọ́: "Mùjídátù, padà sí kíláàsì. Buraimoh, ìwọ náà lọ jókòó níwájú olùkọ́ yìí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, oṣù mẹ́ta gbáko, kó o kọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn. Àlíù, jókòó tì í, kó o kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ 'rárá'."

A rò pé Buraimoh máa fárígá. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí ọmọ rẹ̀ létí: "Ṣé àgbàlagbà náà ń wọ yunifọ́ọ̀mù?"

Kò dúró gbèsì. Ó ti fa téèpù yọ, ó ń wọn àyà ara rẹ̀.