Fóònù Tó Yára Ṣí, Tó Yára Kú

Ẹjọ́ kan dé ààfin láàárọ̀ àná, fóònù kan ló fà á. Opó kan tó jẹ́ aránṣọ ló pe atúnfóònùṣe lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, dígí ojú fóònù mi ló là. Mo ní kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ló bá pààrọ̀ ọpọlọ rẹ̀ mọ́ ọn."

"Ọpọlọ kọ́, Kábíyèsí. Ètò tuntun tó jáde ni mo fi sí i. Ti tẹ́lẹ̀ ti gbó."

"Mo rán ọ ni?"

"A kì í dúró kí wọ́n rán ni ká tó ṣoore, Ìyá."

Kábíyèsí ní kí obìnrin náà sọ ohun tó sọnù.

"Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ọkọ mi gbà sílẹ̀ fún mi wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú méje ni. Ìparí rẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, fóònù yẹn ń lo ọjọ́ méjì kó tó kú. Ní báyìí, bó ti wù kí n ṣáàjì rẹ̀ tó, kì í kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ti pé oṣù kan tí mo gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi kẹ́yìn."

"Kí ló ń jẹ iná rẹ̀?"

"Ìrònú ni, Kábíyèsí," ni atúnfóònùṣe wí. "Fóònù yìí ti gbọ́n. Ó ń wo ibi tí Ìyá jókòó sí, ó ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò á rọ̀."

"Mo ní fèrèsé," ni opó wí.

"Ṣùgbọ́n ó ń yára, Ìyá. Ẹni tó ń sáré, ṣé kò ní jẹun ni?"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Káfíńtà tó múlé ti opó náà ní, "Ó ń yára lóòótọ́. Kí n tó fọwọ́ kàn án, ó ti ṣí."

Àbúrò olóògbé ní irọ́ ni. "Kò yára rárá. Mo pè é nígbà mẹ́fà, kò dáhùn."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tó ti kú."

Ìjòyè kan ṣí fìlà. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Fóònù ni mò ń wí, Olóyè."

Atúnfóònùṣe tún dìde. "Ọ̀nà àbáyọ wà. Ètò tuntun yìí lè mú ọ̀rọ̀ náà yára. Ìṣẹ́jú méje á di mẹ́ta àbọ̀. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín wọn kí iná tó tán."

Obìnrin náà mi orí. "Ogójì ọdún tí mo fi bá a gbé, kò sáré sọ̀rọ̀ rí. Ṣé inú ibojì ni yóò ti wá máa kánjú?"



"Ẹ ò ṣe fi í sídìí iná, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ?" ni Kábíyèsí bi í.

"Àga ọkọ mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Okùn iná kò dé ibẹ̀."

"Ẹ gbé àga sún mọ́ ògiri."

"Òun ló gbé e síbẹ̀, Kábíyèsí."

Kábíyèsí yíjú sí atúnfóònùṣe. "Dá fóònù padà sí bó ṣe wà."

"Kò ṣe é dá padà mọ́, Kábíyèsí. Bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

"Ìwọ náà ò ní ṣe é dá padà. Láti òní lọ, ògiri ni ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, wàá mú páwà báǹkì tó kún dání, wàá dúró ti àga náà fún ìṣẹ́jú méje gbáko, títí wọn yóò fi ṣe ètò tó ń sáré tí kì í jẹun."

"Kábíyèsí, mo lè kúkú ra okùn gígùn fún wọn."

"Ògiri kì í sọ̀rọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ àná náà, ògiri dúró. Ọ̀rọ̀ olóògbé ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀: òrùlé tó ń jò, bọ́tìnnì tó já lára ẹ̀wù rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó ń wá tó sì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

"Ìyá," ni ògiri wí, "ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́."

"Ògiri kì í sọ̀rọ̀," ni opó wí. Ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.