Ọjọ́ Tí Mo Fín Róòsì Mọ́mì Isoken

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Bí mo bá rántí ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orin ni mo máa ń fi bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Mò ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì Ugbowo, nílẹ̀ Ẹdó, nígbà yẹn, mo sì ń fẹ́ Isoken. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀, ará Ẹdó ni bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Isoken gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Píjìn ló máa fi dá ẹ lóhùn. Mọ́mì ní tiwọn ò kọ̀ mí, wọn ò sì gbà mí. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wò mí ná, kí n má tíì mú àwọn òbí mi wá.

Nígbà tí Mọ́mì fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n pè mí síwájú ilé. Igi róòsì kan wà níbẹ̀ tí ọkọ wọn gbìn kó tó kú. Kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo ọ̀mùnú rẹ̀, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu bí iná orí ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀.

"Omi ni kó o máa fi fọ̀ wọ́n dànù láràárọ̀," Mọ́mì ní. "Fi ìka rẹ ra èyí tó bá ṣẹ́kù pa. Má fín oògùn kankan sí i o! Róòsì yìí kì í gba oògùn, ewé rẹ̀ á jóná. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ mà. Ẹ fọkàn balẹ̀ mà." Mo tún dọ̀bálẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Tí mo bá yege, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fomi fọ kòkòrò. Bí mo bá fọ̀ wọ́n lónìí, tó bá dọ̀la, wọ́n á ti tún kún ibẹ̀, àfi bíi pé wọ́n lọ pe ẹbí wọn wá. Ó wá sú mi. Èmi, ọmọ olóko kòkó láti Oǹdó! Ilé tí wọ́n ti ń fín kòkó ni wọ́n bí mi sí, kí ni wọ́n ń pè ní kòkòrò róòsì? Mo sọ fún Isoken pé màá fín in.

"Mummy say na water o," ó ní. "No put me for trouble."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Iṣẹ́ bàbá mi ni."

Mo gba ọjà Ekiosa lọ, mo ra ata gbígbẹ, ọṣẹ ìfọṣọ àti kẹrosíìnì. Mo yá pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń báàyàn tọ́jú ọgbà ládùúgbò, mo sì po gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ta ló kọ́ mi ní pípò yẹn? Orí kunkun mi ni. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ni mo gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn bí ọ̀gá.

Bí mo ṣe ní kí n máa fín in báyìí, atẹ́gùn fẹ́, ó kó gbogbo ẹ̀ sójú mi. Yéè! Mo ju ẹnu pọ́ǹpù sílẹ̀ láì tì í, mò ń sáré kiri, ojú mi ti dí. Pọ́ǹpù ò dúró o. Aṣọ funfun tí Isoken máa fi kọrin nínú kúáyà lọ́jọ́ kejì ló yíjú sí lórí okùn, ó sì fín gbogbo ẹ̀. Isoken da omi lé mi lórí, ó ń pariwo, "I no tell you? I no tell you?" Ẹ má bínú sí mi, bí ojú mi ṣe là, mo padà lọ parí iṣẹ́ náà. Agídí ò lóògùn.

Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ewé róòsì ti rún, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ òdòdó tó fẹ́ là náà já bọ́. Kòkòrò ńkọ́? Àwọn tó sá sábẹ́ ewé wà níbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ara wọn le. Mo rántí ọkùnrin tó gbin igi yẹn, ojú tì mí gan-an. Ọjọ́ kejì ni Mọ́mì sì ń bọ̀.

Ṣé mo wá jókòó kí n jẹ́wọ́? Rárá o. Mo lọ ra róòsì oníke mẹ́fà, mo fi òwú dúdú so wọ́n mọ́ ẹ̀ka.

Láti ẹnu géètì ni Mọ́mì ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo róòsì mi!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. "Kí ló ń rùn bíi kẹrosíìnì?" Wọ́n fà á, òdòdó tòun tòwú já mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo òdòdó, wọ́n wò mí. Mo ti wà nílẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó lanu.

"Ẹ ṣàánú mi mà. Ọmọ olóko kòkó ni mí, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni."

Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n ní kí n pe bàbá mi, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣí i sókè kí gbogbo wa lè gbọ́, wọ́n bi bàbá mi bóyá lóòótọ́ ni mo mọ oògùn fín.

"Fín kẹ̀?" Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Kò fọwọ́ kan pọ́ǹpù rí lóko mi, mà. Omi ló máa ń pọn fún wa!"

Isoken rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mọ́mì yíjú sí mi. "Omi tó o mọ̀ ọ́n pọn yẹn náà ni mo ní kó o lò." Wọ́n fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. "Kò kú," wọ́n ní, ohùn wọn rọ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ sí kíláàsì, tí mò ń fomi fọ kòkòrò, tí mò ń fi ìka ra wọ́n pa níkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí òdòdó àkọ́kọ́ là, Mọ́mì fúnra wọn pe bàbá mi. "Ẹ máa bọ̀ wá mọ̀ wá nílé, sà. Ọmọ yín ti ń gbọ́ràn."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí àgbà bá rán ni níṣẹ́, iṣẹ́ ló fẹ́ kí a jẹ́, kì í ṣe ọgbọ́n ló ń tọrọ. Isoken ti di ìyàwó mi báyìí. Tí mo bá sọ fún un pé mo mọ nǹkan kan tún ṣe nínú ilé, bàbá mi ló kọ́kọ́ máa ń pè lórí fóònù láti bèèrè. Mo kúkú gbà, mò ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.