Bí Bùráímọ̀ Àlàó Ṣe Ṣẹ́gun Ẹnu Ara Rẹ̀ Lásìkò Kòrónà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró, ẹ wá nǹkan dì mú, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí, bí a bá dá a nídìí ìkòkò, ìkòkò a fọ́. Bí a bá dá a létí odò, ẹja a gòkè wá bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bùráímọ̀ ni mo ń wí! Bùráímọ̀ Àlàó, onígbàjámọ̀ Ẹdẹ, akọni tí ń fi abẹ kan ṣoṣo gba orí lọ́wọ́ irun, ọmọ Àkàní tí ó kí ẹlẹ́ran títí ẹran fi jẹrà lórí igbá, ọmọ-ọmọ Òkúnlọlá tí ó kí agbowó-orí láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí, tí agbowó-orí fi gbàgbé ohun tó bá wá, tó tọrọ omi mu, tó dúpẹ́, tó sì bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ìdílé tí à ń wí yìí, ọmọ wọn kì í ké bí wọ́n bá bí i: "Ẹ kú ewu" ló fi ń kí ìyá rẹ̀. Òkú wọn gan-an kì í gbà kí a rọ yèpè bo òun, àfi bí ó bá kọ́kọ́ kí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ kú iṣẹ́.

Nínú gbogbo wọn, Bùráímọ̀ ni gíwá. Bí o bá lọ gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó tó kí ọ dé orí ìyá ìyàwó rẹ, iwájú tó ti gẹ̀ á ti hù padà. Ó ń kí ẹni tó ń lọ, ó ń kí ẹni tó ń bọ̀, ó ń kí ẹni tó dúró pé ó kú ìdúró. Ìgbà kan tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe tó tẹ̀ lé páànù náà dé ẹ̀yìn ọjà, tó ń kí i pé ó kú ìrìn.

Bí ayé ṣe rí nìyẹn tí kòrónà fi dé. Kòrónà, àlejò tí a kò pè, abàmì tí kò lẹ́sẹ̀ tó fi ọkọ̀ òfuurufú rìnrìn-àjò bí ọmọ olówó! Ìjọba ní ká jókòó sílé, a jókòó. Wọ́n ní ká máa fọ ọwọ́, a gbé ọwọ́ dání, a ń wá omi kiri. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti gbogbo wa mọ́ ilé oníyàrá kan, tọkọtaya, ọmọ, ìyá ọkọ àti adìyẹ. Ọgbọ́n àgbà ni.

Wọ́n ti ilé-ìwé pẹ̀lú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àwọn ọmọ jó, àwọn òbí náà bá wọn jó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àwọn ìyá tó ti ń sọ pé kí ni tíṣà ń ṣe ju kó máa jẹ ẹ̀pà lábẹ́ igi lọ, àwọn kan náà ló ń gbàdúrà fún tíṣà lẹ́yìn ìrun, tí wọ́n ń ní kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, kó wá kó ẹrù rẹ̀. Bàbá kan ládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní ọmọ kan sí i. Ọmọ náà ti máa ń sùn kí bàbá tó dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ni ìjọba aláàánú bá kéde pé àwọn ti gbé ilé-ìwé sórí rédíò. Ẹ wo làákàyè! Ilé-ìwé tí kò ní òrùlé nígbà tó wà nílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sójú afẹ́fẹ́ níbi tí kò ti nílò òrùlé mọ́. Iná mànàmáná nìkan ni wọn kò rántí gbé tẹ̀ lé e. Bùráímọ̀ yọ bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì, ó kì wọ́n bọ inú rédíò, ilé sì ṣókùnkùn kí ìmọ̀ lè tàn.

Àṣàkẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bùráímọ̀ bí, ló ni ìmọ̀ náà. Kíláàsì karùn-ún ló wà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ẹni tó sì ń kọ́ kíláàsì karùn-ún lórí rédíò kì í ṣe ẹlòmíràn, Àǹtí Ìbídùn ni, tíṣà Àṣàkẹ́ gan-an, tí ọmọ náà fẹ́ràn débi pé ó ti ń rìn bíi tirẹ̀. Láràárọ̀, bí ẹ̀kọ́ bá parí, Àǹtí Ìbídùn á bi ìbéèrè kan, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń darí ètò á ní kí ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n pè wọ́n lórí fóònù. Ọmọ tó bá gbà á, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ kí gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́.

Àṣàkẹ́ mọ̀ ọ́n. Fóònù ni kò ní. Ti bàbá rẹ̀ ló wà nílé, fóònù àgbà tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti gbó, tó jẹ́ pé àtàńpàkò Bùráímọ̀ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e fún ọmọ." Sìdíkátù, ìyàwó rẹ̀, ló wí bẹ́ẹ̀ láti ìdí máṣíìnì, níbi tó ti ń fi àjákù aṣọ rán ìbòmú tà.

"Kí ọmọ mi kàn ṣàdédé lahùn sí etí àgbààgbà láìjẹ́ pé èmi bàbá rẹ̀ kí wọn? Wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé!"

Ó tẹ fóònù, ó wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ètò, ẹ kú ìgbélé, ẹ kú ìbòmú, ẹ kú ìfọwọ́. Àìsàn tó gbòde yìí, kò ní mọ ilé wa o. Ará ilé ńkọ́? Ìyá wa àgbà ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìdáhùn," ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí.

"Ìdáhùn ń bọ̀, ẹ fara balẹ̀. Ṣé a ó kàn já lu èèyàn bí ewúrẹ́ ni?"

Fóònù já. Ọmọ kan láti Òṣogbo gba ìdáhùn.

Lọ́jọ́ kejì ó búra pé kúkúrú lòun máa kí wọn. Kúkúrú lójú ará ilé yẹn ni kí èèyàn má bèèrè òkú. Ó sì ń bá a bọ̀ dáadáa o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àfi bí Àǹtí Ìbídùn ṣe húkọ́ kẹ́rẹ́ lórí rédíò.

"Hà! Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́! Ikọ́ ni? Ṣé ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ kòrónà o? Ẹ jẹ orógbó!"

Gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́ pé tíṣà ń wúkọ́. Mo gbọ́ pé ẹni tó jókòó tì í ní ilé-iṣẹ́ rédíò gba ojú fèrèsé jáde. Fóònù já.

Báyìí ló ń ṣe é, báyìí ni fóònù ń já, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Àṣàkẹ́ pa rédíò fúnra rẹ̀, tó lọ dúró ti ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ kọ́ mi ní máṣíìnì. Bí wọ́n bá ṣí ilé-ìwé, kí wọ́n fi ìjókòó mi fún ẹlòmíì."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àṣàkẹ́?"

"Gbogbo ọmọ kíláàsì wa ni wọ́n ti dárúkọ lórí rédíò tán. Ó ku èmi. Ọ̀la sì ni Àǹtí ní àwọn máa ṣe ti kíláàsì wa kẹ́yìn. Wọ́n á rò pé mo ti gbàgbé ìwé."

Kò sunkún. Bó bá sunkún ni, Bùráímọ̀ ì bá kí i kú ẹkún, ara ì bá sì tù ú. Ó kàn jókòó, ó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bùráímọ̀, akọni tí ìjì ò pa lẹ́nu mọ́, wo ọmọ rẹ̀, ó wo fóònù, ó sì fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀ bí ẹni tó rí ọ̀tá nínú ilé.

"Sìdíkátù," ló wí, "ọ̀la, mo máa gbé fóònù fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹnu yìí, mo mọ̀ ọ́n. Kí ọwọ́ mi tó nà, ẹnu á ti débẹ̀."

"Ẹ má dààmú, mo ní oògùn ẹ̀."

Ni obìnrin náà bá mú àjákù aṣọ mátíráàsì, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tún un ṣẹ́ po, ó fi rán ìbòmú tí ó nípọn tó ìgànná ilé, ó fi dè é lẹ́nu. Ajá kan ń kọjá lọ níwájú ilé. Láti abẹ́ aṣọ mátíráàsì la ti gbọ́ ohùn Bùráímọ̀ tó ń bọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "O kú ìrìn o."

Sìdíkátù tú ìbòmú. "Omi ló kù, bàbá Àṣàkẹ́. Ọ̀la ẹ máa bu omi sẹ́nu."

Ilẹ̀ ọjọ́ ogun mọ́! Oòrùn yọ tìkọ̀tìkọ̀, ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò rí. Bùráímọ̀ kò ní ẹṣin, ó gun àpótí ìdáná. Kò ní asà, ó gbé fóònù sókè. Àǹtí Ìbídùn kọ́ wọn títí, ó wá bi ìbéèrè rẹ̀ ìkẹyìn: "Ẹ̀yà ara igi wo ló ń fa omi láti inú ilẹ̀?" Àṣàkẹ́ gbé ojú sókè nídìí máṣíìnì. Sìdíkátù gbé ife omi fún ọkọ rẹ̀. Bùráímọ̀ bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ìlù bẹ̀ǹbẹ́, ó tẹ fóònù. Kò wọlé. Ó tún un tẹ̀. Ó ń dún!

Ìgbà náà gan-an ni Bàbá Àgbà Sùbérù, mọ́gàjí agbo-ilé wọn, yọ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ìjọba ní kó jókòó sílé nítorí arúgbó ni, ó ní ìjọba ò tíì bí òun.

"Bùráímọ̀! Ẹ kúulé o!"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Àgbà kí i! Mọ́gàjí ilé kí i, ọmọ àwọn tí òkú wọn gan-an ń kíni! Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde bí okùn tí wọ́n fi fa ọkọ̀ ojú omi, ojú rẹ̀ ràn, òógùn bò ó. Bí ó bá dáhùn, omi á dà, ẹnu á ṣí, ọmọ á sì di aránṣọ láìfẹ́. Bí kò bá dáhùn, ó ti tàbùkù ìran Òkúnlọlá láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kí ni akọni ṣe? Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó na àyà mọ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó sì na ọwọ́ kan sókè réré pẹ̀lú fóònù tó ń dún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rì tí kò fẹ́ kí idà rẹ̀ rì.

"Kí ló dé tí o kò fọhùn?" Bàbá Àgbà sún mọ́ ọn. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Ó rí ojú tó yọ. "Yéè! Ó ti kó o! Kòrónà ti gbé ohùn ọmọ yìí lọ!"

Àgbàlagbà tó ti ń fi ọ̀pá rìn bí ìgbín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ó sọ ọ̀pá nù, ó fi etí agbádá bo imú, ó sì sáré bí ọmọ ẹṣin. Ìwòsàn gidi ni.

"Hẹ́lòó?" ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí nínú fóònù. "Ẹ káàárọ̀ o. Ta là ń bá sọ̀rọ̀?"

Wọ́n tún kí i! Bùráímọ̀ gbọn lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀rọ ata bá ń ṣiṣẹ́. Omi kan jò létí ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di eyín, ó na fóònù, Àṣàkẹ́ sì ti fi máṣíìnì sílẹ̀, ó ti gbà á.

"Gbòǹgbò ni, mà!"

"Ó gbà á! Ta nìyẹn?" ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí.

"Àṣàkẹ́ Àlàó ni, mà."

"Àṣàkẹ́ tèmi?" ni Àǹtí Ìbídùn wí. "Àṣàkẹ́ ìdí fèrèsé? Mo ti ń wá ohùn rẹ láti ọjọ́ yìí! Ìjókòó rẹ ń dúró dè ọ́ o."

"Mo máa wá, mà," ni ọmọ wí, ẹ̀rín sì bo ojú rẹ̀.

"Bàbá rẹ dà, àwọn tó máa ń kí wa?" ni Àǹtí bèèrè. "Gbé fóònù fún wọn, àárò ìkíni wọn ti ń sọ wá."

Ẹ̀yin èèyàn! Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn oko fún ewúrẹ́! Gbogbo ìpínlẹ̀ gbé etí dúró. Bùráímọ̀ dìde, ó gbé omi mì, gbì! Ó gba fóònù. Sìdíkátù di ojú. Mo rí i tí ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìgbélé àti ẹ kú ewu gbogbo ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí èrò níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ìrànwọ́. Ó wo ẹ̀rín Àṣàkẹ́.

"Ẹ ṣeun," ni Bùráímọ̀ wí.

Ó sì pa fóònù fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó hàn sí ọba àti ìjòyè, sí onílé àti àlejò, sí ìjọba tó ń kéde lójoojúmọ́ pé àwọn ni àwọn ṣẹ́gun kòrónà: irọ́ ni! Bùráímọ̀ Àlàó ni wọ́n kí lẹ́ẹ̀mejì ní Ẹdẹ tí kò jẹ́, tí ilẹ̀ kò sì lanu. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka akọni má fo orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń wá a láti kí i kú oríire, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé Bàbá Àgbà Sùbérù lọ. Abẹ́ fèrèsé tí wọ́n tì mọ́ ọn ló dúró sí láti àná, tó ń san gbèsè ìkíni tó jẹ: "Bàbá, ẹ kú àná o. Ẹ kú eré. Ẹ kú ọ̀pá tó sọnù..."