Aláwọ Má-fọwọ́-kàn-án

Bí ẹ bá gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ ní àárọ̀ kùtù pé, "Ẹ̀yin arẹwà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" ẹ má rò pé ìyàwó rẹ̀ ló ń kí. Àga inú mọ́tò ni. Awọ ni wọ́n fi bò ó, awọ gidi, dúdú, tó ń dán. Ní àdúgbò wa, orúkọ tí a fún ọkùnrin náà ni Aláwọ Má-fọwọ́-kàn-án, ọkọ àga, a-kí-mọ́tò-kó-tó-kí-aya.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ mọ́tò náà yóò bọ́ bàtà, yóò gbọn aṣọ, yóò sì tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ ìdí. Bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá sọ̀ kalẹ̀, a máa ń ka ìròyìn àná ní ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Eruku nìkan ni Aláwọ ń bẹ̀rù láyé. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ọ̀dà díẹ̀ ń bọ̀ fún ọ̀nà àdúgbò, pé alága ẹgbẹ́ onílé ni yóò yan ibi tí wọn yóò dà á sí, Aláwọ ní òun ni ipò alága tọ́ sí.

Màmá Tíṣà ni alága tó fẹ́ gbé ipò sílẹ̀. Ẹni tí màmá bá nàka sí ni gbogbo onílé ń tẹ̀ lé. Aláwọ bá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé e lọ sí ìpàdé.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ìyàwó Aláwọ bá a nínú mọ́tò pẹ̀lú agolo pọ́líṣì bàtà.

"Dádì, ìwé tó bá mọ́tò yìí wá ní aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ díẹ̀ ni ká fi nù ún, ká sì nu omi náà gbẹ."

"Kí ni wọ́n fi ṣe bàtà?"

"Awọ ni."

"Kí ni wọ́n fi bo àga?"

"Awọ ni, ṣùgbọ́n..."

"Awọ ò ní ṣùgbọ́n."

Ó kun àga, ó kun ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó kun sítíárì. Nígbà tí kò dán tó, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé òróró jáde.

"Òróró tí mo fẹ́ fi dín ẹyin nìyẹn o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹ bọ ẹyin lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lórí àga, àga ló ń kọ́kọ́ pa lóróró." Òwe tí baba ẹnikẹ́ni kò pa rí nìyẹn.

Màmá Tíṣà wọ aṣọ funfun báláú jáde nílé rẹ̀. Àlejò pàtàkì ni, nítorí náà Aláwọ kò tẹ́ ìwé ìròyìn fún un. Oòrùn ti mú kí inú mọ́tò gbóná bí ààrò.

Wọ́n dé kòtò àkọ́kọ́, Aláwọ tẹ búrékì. Màmá yọ̀ lọ síwájú, orúnkún rẹ̀ kan dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Ọmọ mi, àga yìí ń lé mi."

"Awọ gidi ni, Màmá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ní kòtò kejì, díẹ̀ ló kù kí màmá bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. "Kí lo fẹ́ fi ipò alága ṣe gan-an?"

Inú Aláwọ dùn, òtítọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kí wọ́n da ọ̀dà sí ẹnu géètì mi ni, Màmá. Eruku ń jẹ àga mi níyà."

"Ọ̀nà ilé ìwòsàn ńkọ́?"

"Aláìsàn kì í wo ilẹ̀, Màmá."



Àwọn onílé ti tò sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó yíjú padà láti ti ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni awọ ò ti kájú ìlù mọ́. Láti èjìká dé ìdí, aṣọ funfun ti di aṣọ ìnukòkò. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ìyàwó akọ̀wé sọ ọ́ sí màmá létí.

Màmá wọlé, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti jókòó. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Ẹ wò mí dáadáa. Ẹni tó tọ́jú àga rẹ̀ báyìí ló fẹ́ tọ́jú wa. Ó ní ẹnu géètì òun ni kí ọ̀dà dé. Ó ní aláìsàn kì í wo ilẹ̀." Ó yíjú sí wa. "Ta ló fẹ́ Aláwọ ní alága?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́ sókè. Ìyàwó Aláwọ, tó ti fẹsẹ̀ rìn wá, ń wo àjà.

Aláwọ wò yí ká, ó sì na ọwọ́ ara rẹ̀ sókè. Àtẹ́lẹwọ́ náà dúdú bí ìdí ìkòkò, òróró ń ti ibẹ̀ ṣàn wọ apá aṣọ rẹ̀.

Akọ̀wé ka ìbò.

"Ọ̀kan ni," ó wí, "ó sì ń kán."