Àna Mi Tó Ń Sùn Nínú Mọ́tò Kọ́sítọ́mà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi kú, bí mo tiẹ̀ fẹ́ kó kúrò. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ní kí n máa sọ ọ́, òun á máa kọ ọ́, torí èmi ò lọ sílé ìwé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, a ò tíì débì kankan.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Òkè-Àfá, létí Ìsọlọ̀. Táyà ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti fọ táyà rí á mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn mi sì ti sọ fún mi pé òun ò ṣe mọ́. Nígbà tí Àǹtí Bùkì tó ni ibẹ̀ wá fi mí ṣe sùpáfáísọ̀, inú mi dùn bíi ti ẹni tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n fún mi ní àga lábẹ́ agboòrùn. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa sọ ohun táwọn tó kù máa ṣe fún wọn.

Àǹtí Bùkì ní, "Bàbá, mò ń wò yín o. Tí kọ́sítọ́mà bá tún fẹjọ́ sùn mí, ìdí táyà lẹ̀ ń padà sí."

Mo ní kò sí wàhálà. Ta ni ò lè sọ̀rọ̀?

Èmi ni o.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì wà lára àwọn tí mo jẹ́ ọ̀gá fún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni wọ́n. Ìkirè ni wọ́n ti wá, ìyàwó mi ló ní kí n bá wọn wá nǹkan ṣe. Inú mọ́tò ni iṣẹ́ tiwọn, kí wọ́n gbá a, kí wọ́n nù ún. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọnú ẹ̀, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á nà gbalaja sórí àga ẹ̀yìn, wọ́n á máa hanrun.

Ẹ wá sọ fún mi. Ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ fún kí n tó rí ìyàwó fẹ́, tí mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀ níbi iṣẹ́, lójú kọ́sítọ́mà, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kó dìde níbẹ̀ yẹn? Ìyàwó mi á gbọ́. Gbogbo Ìkirè á gbọ́.

Mo wá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa. Tí o ò bá lè bá àgbà wí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lo máa bá wí. Àgbà náà á gbọ́, á mọ̀ pé òun ni, á tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹni tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni Ìyá Rọ́fíà, tó ń fọ ara mọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ bíi tiẹ̀ níbẹ̀.

Mo gbóhùn sókè. "Ìyá Rọ́fíà! Ṣé inú mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n ti ń sùn?"

Ó gbé kànìnkànìn sílẹ̀. "Èmi, Bàbá? Èmi tí mi ò tíì jókòó láti àárọ̀?"

Mo ṣẹ́jú sí i, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ó wò mí. Ó wẹ̀yìn wò. Ó tún ìró ẹ̀ ró dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n yọrí lójú wíńdò, ojú wọn pọ́n fún oorun. "Ẹ bá a wí dáadáa, àna mi! Àwọn òṣìṣẹ́ ìsìnyí ò nítìjú." Wọ́n padà sùn.

Mo rò pé mi ò pariwo tó ni. Ni mo bá ń pariwo sí Ìyá Rọ́fíà lójoojúmọ́, mo sì ń ṣẹ́jú sí i lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ìyàwó mi gbé oúnjẹ kalẹ̀ gbàà níwájú mi nílé.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń ṣẹ́jú sí obìnrin níbi iṣẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ni àlàyé ọ̀hún ń lọ tààrà. Mo jẹ oúnjẹ mi. Kò sẹ́ran nínú ọbẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ tí mò ń wí wá dé. Màdáàmù kan gbé jíìpù wá láti Jákàńdè, ó ní òun ń lọ ra nǹkan. Nígbà tó padà dé, mo rí i tí jíìpù ń dán, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un láti orí àga mi bí ọ̀gá. "Ó ti tán, mà." Ó wà á lọ. Mo wá wo ilẹ̀. Sílípáàsì Ẹ̀gbọ́n Làmídì wà níbi tí wọ́n bọ́ ọ sí, mọ́tò ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Kí ni n bá sọ?

Kò pẹ́ tí jíìpù fi padà, hóònù ń dún láti òkèèrè. Gèlè màdáàmù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àǹtí Bùkì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kó má baà ku ẹnì kan. Màdáàmù ní òun ti ń sún mọ́ ilé nígbà tẹ́nì kan yán lẹ́yìn òun, tó ní, "Ta ló ń wa mọ́tò yìí? Ibo lẹ̀ ń gbé mi lọ?" Ó ní òun fi mọ́tò sílẹ̀ láàárín títì, òun ń ké olè, olè. Àwọn èèyàn ti yí mọ́tò ká kí Ẹ̀gbọ́n tó jáde láìwọ bàtà. Àkísà ìnumọ́tò tó wà lọ́wọ́ wọn ló yọ wọ́n.

Àǹtí Bùkì kọjú sí mi. "Oorun inú mọ́tò! Ṣebí Ìyá Rọ́fíà lẹ̀ ń bá wí nítorí ẹ̀ lójoojúmọ́? Òun ló kó o ran Bàbá yìí. Ìyá Rọ́fíà, ẹ kó ẹrù yín, ẹ máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n mirí. "Òótọ́ ni. Àna mi sọ ọ́, sọ ọ́, ó sú wọn."

Omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ Ìyá Rọ́fíà. Èmi ló ń wò.

Mo dìde lórí àga. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ẹ̀gbọ́n nínú omi ọṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ̀yin ni."

"Èmi ni kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sùn. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí látọjọ́ yìí. Obìnrin yìí ò sùn níbí rí."

Ọṣẹ ti wọ̀ mí nímú. Ẹ̀gbọ́n wò mí títí.

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún mi? Mo tiẹ̀ ti ń gbàdúrà fún Ìyá Rọ́fíà, pé kí Ọlọ́run bá wa mú oorun yẹn kúrò lójú ẹ̀."

Ìyá Rọ́fíà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màdáàmù tẹ̀ lé e. Àǹtí Bùkì nìkan ni ò rín. Ó ní kí n dìde, ó sì ní kí Ìyá Rọ́fíà lọ jókòó sórí àga mi.

Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá wà nínú mọ́tò, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kí n máa rí ẹsẹ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kò burú." Ó parí. Wọn ò bínú. Ìkirè ò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni kéèyàn sọ ọ́ fún. Tó bá gba ìdọ̀bálẹ̀, kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ni kó sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ kejì, ìdí táyà ni mo wà, ẹ̀yìn ń ro mí. Mo gbọ́ ohùn lábẹ́ agboòrùn: "Táyà ẹ̀yìn yẹn ò mọ́ o!"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá ẹni tó ń bá wí.

"Ẹ má wo ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ẹ̀yin ni."

Ó wá ṣẹ́jú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí táyà.